Kí a tó wá orúkọ fún wọn, ẹ jẹ́ kí a to ọ̀rọ̀-ìṣe

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ èdè, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Láti ìgbà tí ọ̀gbẹ́ni tó ń túmọ̀ ìwé pélébé fún àwọn agbẹ̀bí gúúsù Kwara ti béèrè pé kí ni kí òun pe ẹni tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní intersex, ìyẹn ẹni tí wọ́n bí pẹ̀lú ẹ̀yà ara tó yàtọ̀ sí èyí tí a mọ̀ mọ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, mo ti ń ka èsì yín. Ẹni tó kọ̀wé láti Ọ̀fà ní “ṣakọṣabo” ló tọ́. Àáfà wa ní Ìlọrin ní kí la tún ń wá kiri, pé “kúnsà” ti wà nínú kéú láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyá wa ní Òmù-Àrán mú “ẹni òrìṣà” wá. Ọ̀dọ́ kan ní kí a kúkú sọ pé “àgbédeméjì”, kí ó rọ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Nígbà tí mo kà á kẹ́yìn, ṣakọṣabo ló ń léwájú, ọ̀gbẹ́ni sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní kí n tètè dá sí i kí wọ́n tó gbé ìwé lọ sí ilé ìtẹ̀wé.

Ẹni tó bá ti sin ìgbín rí mọ̀ pé ṣakọṣabo dára fún ìgbín. Ìgbín kan ṣoṣo ló ní ti akọ tó tún ní ti abo. Bí méjì bá gun ara wọn, èyíkéyìí nínú wọn lè yé ẹyin. Ó ń ṣe akọ, ó ń ṣe abo: iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Ènìyàn kì í ṣe ìgbín. Nínú gbogbo oríṣiríṣi ìyàtọ̀ tí àwọn oníṣègùn kó sábẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, kò sí èyí tí ẹnì kan ti ń fún ẹlòmíràn lóyún tí òun náà sì tún ń lóyún. Bí agbẹ̀bí bá sọ fún ìyá ọmọ pé ṣakọṣabo ni ọmọ rẹ̀, irọ́ ló pa, kó tó kan pé èébú ni. Ṣé ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dún lẹ́nu àwọn ọmọ tó ń ṣeré lẹ́yìn Ọjà-Ọba? Èmi mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo àwọn tí à ń wá orúkọ fún ná. Ọmọ kan wà tí kurómósómù rẹ̀, okùn tín-ín-rín tó ń gbé àbùdá nínú ara, jẹ́ XX bíi ti ọ̀pọ̀ obìnrin, tí ó ní ilé ọmọ, ṣùgbọ́n tí ẹṣẹ́ (gland) tó wà lórí kíndìnrín rẹ̀ ti ń tú họ́mónù ọkùnrin jáde ju bó ṣe yẹ lọ láti inú oyún. Wọ́n bí i, idọ́ rẹ̀ sì tóbi débi pé agbẹ̀bí wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tún padà wò ó. Òmíràn wà tí kurómósómù tirẹ̀ jẹ́ XY bíi ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin, tí kórópọ̀n rẹ̀ wà nínú ikùn, ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ kò gbọ́ ohun tí họ́mónù ọkùnrin ń sọ fún un rárá. Obìnrin pọ́nbélé ni lójú gbogbo ilé. Ọmú rẹ̀ yọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rí nǹkan oṣù, òun kò rí i, ìgbà náà ni wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ní abúlé Salinas ní orílẹ̀-èdè Dominican Republic, àwọn kan wà tí wọ́n ń tọ́ bí ọmọbìnrin. Nígbà tí ìbàlágà bá dé ni ohùn wọn ń ki, tí nǹkan ọkùnrin wọn ń yọ. Dókítà Julianne Imperato-McGinley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa wọn ní 1974, wọ́n sì ṣàlàyé pé èròjà kan tó ń sọ testosterone, ìyẹn họ́mónù ọkùnrin, di èyí tó lágbára jù ú lọ ni ara wọn kò ní tó. Àwọn ará ìlú ti fún wọn lórúkọ kí dókítà tó dé: guevedoces, èyí tó ń sọ pé ẹpọ̀n yọ ní ọmọ ọdún méjìlá. Wọn kò sọ ọ́ ní akọ òun abo. Ohun tí ojú wọn rí àti ìgbà tí wọ́n rí i ni wọ́n sọ.

Nínú àwọn mẹ́ta yìí, èwo ni ṣakọṣabo? Èwo ni àgbédeméjì? Ọmọbìnrin tí kò rí nǹkan oṣù yẹn lè máà wà láàárín ohunkóhun lójú ara rẹ̀. Obìnrin ni òun, ìdí tí ara òun fi rí bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ mọ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọkùnrin, àwọn kì í ṣe obìnrin, àwọn náà kò sì purọ́. Tí a bá pe gbogbo wọn ní àgbédeméjì, a ti bá wọn dáhùn kí a tó bi wọ́n.

Ìyá wa ní Òmù-Àrán, ẹ má bínú, ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yín wù mí ju ọ̀rọ̀ náà lọ. Ọbàtálá ló mọ àfín, òun ló mọ abuké, èèwọ̀ sì ni kí a fi wọ́n ṣẹ̀sín: òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ tó bá gbé òrìṣà dání kò ní wọ ilé àáfà ní Ìlọrin, ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní ìlú yín náà kò ní jẹ́ kó kọjá ẹnu ọ̀nà. Agbẹ̀bí ni yóò ka ìwé yìí fún àwọn aboyún lọ́jọ́ Ọjọ́rú, kò yẹ kí ó máa fi ìdajì wákàtí ṣàlàyé àkọlé.

Èyí tí mo fẹ́ kí a gbà lọ́wọ́ àwọn àgbà ni ọgbọ́n orúkọ àmútọ̀runwá. Ọmọ tó ní ìka mẹ́fà, Olúgbódi. Èyí tó fẹsẹ̀ jáde, Ìgè. Èyí tí irun rẹ̀ lọ́ látọ̀run, Dàda. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n fi pè é, wọn kò ní ọmọ bàjẹ́. Àmọ́ kí a má pọ́n àwọn àgbà jù náà. Ọmọ tó gbé ìwọ́ kọ́rùn, Òjó ni bó bá jẹ́ ọkùnrin, Àìná bó bá jẹ́ obìnrin. Ìkómọ àtijọ́ pàápàá, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ keje ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ ti ìbejì. Ẹni tí kò bá tíì mọ èyí tí ọmọ òun jẹ́ kò mọ ọjọ́ tí yóò pe àlejò. Àwa tí a ń ṣe súnà lọ́jọ́ kan náà fún gbogbo ọmọ ní Ìlọrin ti bọ́ nínú ìyẹn. Ó ku àgbò, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń pa méjì fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin, ó sì di dandan kí ẹnì kan béèrè lọ́jà pé mélòó ni kí a rà.

Kúnsà ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, òun nìkan ló ti ṣiṣẹ́ rí. Pé ó ti inú Lárúbáwá wá kò ní kí a lé e. Ta ló lé àdúrà, ta ló lé wákàtí àti àlááfíà? Àwọn elédè Swahili náà ní huntha láti orísun kan náà. Àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù ti jókòó ro ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti ọ̀rúndún mélòó kan sẹ́yìn. Wọ́n ní kí a wo ibi tó ń gbà tọ̀. Bó bá ń gba ibi méjèèjì, kí a wo èyí tó ń ṣáájú. Bí kò bá tún hàn, kí a dúró di ìbàlágà, kí a wo irùngbọ̀n, ọmú àti nǹkan oṣù. Ẹni tí gbogbo rẹ̀ kò bá là fún ni wọ́n ń pè ní kúnsà múṣíkílì, kúnsà tó nira. Bí ó bá dọ̀rọ̀ ìrun, ẹ̀yìn ọkùnrin àti iwájú obìnrin ni sàfù rẹ̀, ìyẹn ìlà tí yóò dúró sí.

Wọn kò jẹ́ kí ogún rẹ̀ sọnù. Nínú ìlànà Málíkì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí a ń gbà lo òfin Ìsìláàmù, tí Ìlọrin ń tẹ̀lé, ìdajì ìpín ọkùnrin àti ìdajì ìpín obìnrin ni tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi owó ṣe é. Bàbá kan kú, ó fi ọmọkùnrin kan àti kúnsà kan sílẹ̀, gbogbo ogún sì jẹ́ mílíọ̀nù 12 náírà. Ká ní ọkùnrin ni kúnsà yẹn, mílíọ̀nù 6 ni ìbá mú. Ká ní obìnrin ni, mílíọ̀nù 4. Pa 6 àti 4 pọ̀, ó di 10. Pín in sí méjì, mílíọ̀nù 5 ni ti kúnsà, mílíọ̀nù 7 tó kù ni ti arákùnrin rẹ̀. Ìṣirò tó mọ́ lóló nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lé ọmọ kankan jáde nínú ilé. Ẹjọ́ ogún lè gùn títí dé Sharia Court of Appeal ìpínlẹ̀ Kwara, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó kàn wà nínú tírà àtijọ́. Mo gbà fún Àáfà wa: ẹni tó bá ń pín ogún ní Ìlọrin kò ní ọ̀rọ̀ tó dáa ju kúnsà lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí kúnsà fò. Ọmọbìnrin tí kórópọ̀n wà nínú ikùn rẹ̀, ibi tí gbogbo obìnrin ń gbà tọ̀ lòun náà ń gbà tọ̀. Kò sí àmì tí àáfà yóò wò. Òfin yóò ní obìnrin ni, òun náà yóò ní obìnrin lòun, kò sí ìjà níbẹ̀, síbẹ̀ ó wà lára àwọn tí ìwé agbẹ̀bí yìí fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ohun kejì tó ń kọ mí lóminú ni pé inú gbòǹgbò kan náà ní Lárúbáwá ni mukhannath ti jáde, ìyẹn ọkùnrin tó ń ṣe bí obìnrin, àwọn kan sì ti ń da méjèèjì pọ̀. Ara tí wọ́n bí ènìyàn mọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ bó ṣe ń rìn, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fẹ́. Ní orílẹ̀-èdè bíi tiwa, bí ìwé bá da ìyẹn rú, ẹni tó ni ara ni yóò jìyà rẹ̀.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni gbogbo yín ń jà lé lórí, ẹ ò wo ìlà kẹta nínú àpẹẹrẹ tí ọ̀gbẹ́ni fi ránṣẹ́, níbi tó ti kọ ọ́ pé “dókítà yan ẹ̀yà fún ọmọ náà”. Yan yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Ènìyàn mẹ́ta ló ń ṣe nǹkan nínú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí wọ́n ń ṣe kò sì jọra, Yorùbá sì ti ní ọ̀rọ̀-ìṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: kà sí, sọ di, mọ̀ sí.

Wọ́n kà á sí obìnrin. Ìyẹn ni pé ẹnì kan wò ó, ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ohun tó sọ sì ṣeé yí padà. Ìyá mi kékeré tó ṣe agbẹ̀bí ní ìlú kan lẹ́bàá Àjàṣẹ́-Ìpo fi ìwé ìbí tó ń lò hàn mí rí, ìwé ńlá onílà tí etí rẹ̀ ti fàya. Bíírò búlúù ni gbogbo ojú ewé: ọjọ́, ìwọ̀n ọmọ, orúkọ bàbá, ọkùnrin tàbí obìnrin. Lójú ewé kan, pẹ́ńsùlù ló fi kọ èyí tó gbẹ̀yìn, ó rọra kọ ọ́ débi pé ó kù díẹ̀ kó má hàn. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ń gbé e lọ Ìlọrin fún àyẹ̀wò. Kí n má baà parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.” Ó ṣí ewé náà kọjá, ó ń bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. Pẹ́ńsùlù yẹn ni kà sí.

Sọ di ni ti abẹ. Láti àwọn ọdún 1950 ni John Money, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn dókítà pé bí wọ́n bá tètè fi abẹ tún ìdí ọmọ ṣe, tí àwọn òbí rẹ̀ kò sì ṣiyèméjì, ohun tí wọ́n bá sọ ọ́ dà ni yóò jẹ́. Ẹ̀rí tí wọ́n wá ń gbé kiri ni ti David Reimer, ọmọ Kánádà, ọ̀kan nínú ìbejì ọkùnrin tí wọ́n bí ní 1965. Òun kò sí lára àwọn tí à ń sọ rárá: ọkùnrin tí kò ní ìyàtọ̀ kankan ni. Nígbà tí wọ́n ń dá abẹ́ fún un, kó tó pé ọmọ ọdún kan, ni ẹ̀rọ oníná jó okó rẹ̀ bàjẹ́. Money ní kí wọ́n sọ ọ́ di obìnrin. Wọ́n sọ ọ́ ní Brenda, wọ́n wọ gáùn fún un, kò bá a mu. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí bàbá rẹ̀ jẹ́wọ́ fún un, ó sì padà sí ọkùnrin. Àwọn olùwádìí méjì, Milton Diamond àti Keith Sigmundson, gbé òtítọ́ náà jáde ní 1997. Ní 2004, Reimer pa ara rẹ̀. Ìtàn ọmọ tí ara rẹ̀ kò yàtọ̀ yìí ni wọ́n fi ń dá àwọn òbí ọmọ tí ara wọn yàtọ̀ lójú, tí àwọn òbí fi ń fọwọ́ síwèé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà dàgbà pẹ̀lú àpá, àwọn mìíràn kò mọ nǹkan kan lára níbẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wọn pé abẹ ti kàn wọ́n rí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1996, àwọn kan nínú wọn lọ dúró síwájú ibi tí àwọn dókítà ọmọdé ti ń ṣèpàdé ní Boston, wọ́n ní ó tó. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi ń ṣèrántí wọn lọ́dọọdún títí dòní.

Bí ọ̀gbẹ́ni bá kọ yan fún ti pẹ́ńsùlù, tó tún kọ yan fún ti abẹ, agbẹ̀bí tó ń kà á ní Òrò-Àgọ́ kò ní mọ ohun tí òfin orílẹ̀-èdè Malta ọdún 2015 kà léèwọ̀. Òfin náà kò ní kí a má ka ọmọ sí ọkùnrin tàbí obìnrin. Ó ní kí a má fi abẹ sọ ọ́ di ohunkóhun, bí iṣẹ́ abẹ náà bá ṣeé sún síwájú, títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mọ̀ sí ni ti ẹni tó ni ara. Ó mọ ara rẹ̀ sí obìnrin; ó mọ ara rẹ̀ sí ọkùnrin; kò mọ ara rẹ̀ sí ọ̀kankan. Ẹ to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀léra, ẹ ó rí i pé gbólóhùn kan lè gba ayé ènìyàn kan. Wọ́n kà á sí obìnrin, wọ́n fi abẹ sọ ọ́ di obìnrin, ó mọ ara rẹ̀ sí ọkùnrin. Wọ́n kà á sí obìnrin, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, ó mọ ara rẹ̀ sí obìnrin títí ó fi darúgbó. Ní Salinas, wọ́n kà á sí obìnrin, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ yí ọ̀rọ̀ padà, ọ̀pọ̀ wọn sì mọ ara wọn sí ọkùnrin láti ìgbà náà. Caster Semenya, eléré ìje South Africa, wọ́n kà á sí obìnrin, ó mọ ara rẹ̀ sí obìnrin, ó gba wúrà eré 800 mítà ní Berlin ní 2009, bẹ́ẹ̀ àjọ eléré ìje àgbáyé ti ní kí wọ́n tún un kà kó tó sá eré àṣekágbá náà. Kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ kankan nínú àwọn tí ẹ dábàá tó lè sọ ìyàtọ̀ àárín àwọn mẹ́rin yìí.

Mo mọ̀ pé ìwé gbọ́dọ̀ ní àkọlé. Ọ̀gbẹ́ni fẹ́ fi “àìsàn ẹ̀yà” ṣe é, nítorí pé àwọn dókítà tó tẹ àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Chicago lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 2006 pè é ní ìdàgbàsókè tó dàrú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ara kọ̀ ọ́, èmi náà kò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí ìbínú má pa ọmọ. Ọmọ XX tí mo kọ́kọ́ dárúkọ, ẹṣẹ́ orí kíndìnrín rẹ̀ lè máà di iyọ̀ mú nínú ara. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè máa bì, kí omi ara rẹ̀ gbẹ, kó sì kú bí wọn kò bá bá a wá oògùn. Àìsàn nìyẹn, kí wọ́n sáré gbé e. Idọ́ tó tóbi kì í ṣe àìsàn, kì í pa ọmọ. Kí ìwé kọ méjèèjì lọ́tọ̀, kí agbẹ̀bí má baà gbé abẹ sí ibi tí oògùn yẹ kó wà.

Ọ̀rọ̀ tí a bá fi béèrè náà ló ń pinnu ẹni tí yóò dáhùn. Kéńyà ka àwọn ènìyàn rẹ̀ ní 2019, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún irú àwọn tí à ń sọ yìí, 1,524 ni wọ́n rí nínú èyí tó lé ní mílíọ̀nù 47. Iye tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń sọ wà láàárín 0.05 sí 1.7 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń jà lórí ohun tó yẹ kí a kà mọ́ ọn. Èyí tó kéré jù níbẹ̀ yóò fún Kéńyà ní ju 23,000 lọ. Ṣé ẹ rò pé bàbá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí aládùúgbò ń gbọ́, yóò dáhùn tí ẹnì kan bá fi ṣakọṣabo bi í léèrè ọmọ rẹ̀?

Ìmọ̀ràn mi fún àkọlé ni “ìyàtọ̀ ẹ̀yà àdámọ́”, kí ènìyàn sì jẹ́ “ẹni tó ní ìyàtọ̀ ẹ̀yà àdámọ́”. Ó gùn, mo mọ̀. Kúnsà, kí a fi sílẹ̀ fún ogún àti ìrun, kí Àáfà wa sì kọ ojú ewé kan nípa rẹ̀. Ìgbín kí ó máa jẹ́ ṣakọṣabo rẹ̀ lọ. Ẹni tó dábàá pé kí a pè é ní “ẹ̀yà kẹta” nítorí pé Jámánì fi àyè kan kún ìwé ìbí ní 2018, àyè yẹn wà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Àwọn obìnrin tí kò rí nǹkan oṣù kò ní kí ẹnikẹ́ni kó wọn lọ síbẹ̀. Fún ìwé ìbí, “a kò tíì kà á” ti tó, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin àti obìnrin.

Fún ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, kí agbẹ̀bí sọ báyìí: “Ẹ kú ewu ọmọ. Ó ké, ó sì ń mí dáadáa. Ẹ̀yà ara rẹ̀ ní ìyàtọ̀ tí a bí mọ́ ọn, a ó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lónìí nítorí iyọ̀ ara. Ẹ fún un lọ́mú.” Kò sí ọkùnrin níbẹ̀, kò sí obìnrin, “ó” àti “rẹ̀” ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ìyá náà kò sì ní mọ̀ pé a fo nǹkan kan.

Kí àwọn ọmọ Ìgbómìnà tó wà láàárín wa bá mi yẹ kà sí àti mọ̀ sí wò ní ẹ̀ka èdè tiwọn, nítorí àwọn gan-an ni wọn yóò kà á fún. Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìlà kẹta yẹn ránṣẹ́ padà lẹ́yìn tí ẹ bá tún un kọ.